Dádì Ò Fẹ́ Kí N Lọ Gbá Géèmù L'Ékòó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán o Àǹtí. Ọmọ ọdún 17 ni mí, Ìlọrin la wà, mo wà ní SS2. Tekken, géèmù ìjà orí tẹlifíṣọ̀n yẹn, ni mo máa ń gbá, mi ò fi ń fọ́nnu o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè nà mí mọ́ ní àdúgbò wa, àwọn bọ̀dá yunifásítì tó ń wá sí géèmù sẹ́ńtà pàápàá mo ti nà wọ́n. Ìdíje kan wá ń bọ̀ l'Ékòó lọ́jọ́ Sátidé kan nínú họlidé. Mo sọ fún mọ́mì, wọ́n ní kí n lọ sọ fún dádì, dádì ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ní ṣé tẹ́tẹ́ ni mo fẹ́ lọ ta ni àbí Yahoo, wọ́n sì gba pádì tí mo fi ń gbá géèmù lọ́wọ́ mi. Sípéàpáàtì mọ́tò ni wọ́n ń tà, àwọn fúnra wọn ń lọ s'Ékòó ra ọjà lóṣooṣù! Ọ̀rẹ́ mi kan ní ká kàn sọ pé ilé àǹtí òun la fẹ́ lọ ní Ọ̀fà, ká wá gba ibẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?
Ọmọ Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ Ọ̀fà yẹn ni mo máa kọ́kọ́ mú torí òun ló bà mí lẹ́rù jù. Má dán an wò. Àbúrò mi kan ṣe irú ẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 18, ó ní ilé ọ̀rẹ́ lòun ń lọ, ibi ìdíje bọ́ọ̀lù ló bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbà lọ, mọ́tò wọn bàjẹ́ lójú ọ̀nà lálẹ́, fóònù kú, a sáré dé ilé ọ̀rẹ́ tó dárúkọ, wọ́n ní àwọn ò rí i. Mi ò lè gbàgbé bí màmá wa ṣe jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó dé láyọ̀ o, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó tó ọdún méjì kí wọ́n tó tún gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ gbọ́, tó bá ní òun ń lọ sí mọ́ṣáláṣí gan-an wọ́n á ní kí ẹnìkan tẹ̀lé e.

Ó dáa. Dádì ẹ ti sọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù fún ẹ, ìwọ ni o ò gbọ́. Wọ́n ní tẹ́tẹ́, wọ́n ní Yahoo, ṣé irọ́ ni wọ́n pa? Ìwọ náà mọ̀ pé géèmù sẹ́ńtà púpọ̀ ló jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àwọn ọmọ míì sì ń fi owó síra wọn lórí géèmù náà. Torí ẹ̀, ṣàlàyé fún wọn bí ìdíje ṣe rí. Sọ pé ìjàkadì ni, bíi gídígbò ayé àtijọ́, èèyàn méjì ló ń kojú ara wọn, ẹni tí wọ́n bá nà lẹ́ẹ̀kan kì í tíì lọ sílé, ó máa ń bọ́ sí apá kejì níbi tó ti lè gun òkè padà, àfi tí wọ́n bá nà án lẹ́ẹ̀kejì. Fọ́ọ̀mù lo san owó ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ta tẹ́tẹ́. Tí tẹ́tẹ́ bá sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìwọ náà má lọ.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Mo mọ̀ pé o ti fẹ́ sọ fún wọn nípa ọmọ ọdún 16 tí wọ́n ń pè ní Bugha tó gba mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là ní New York lọ́dún 2019 níbi ìdíje géèmù kan tó ń jẹ́ Fortnite. Jọ̀ọ́, má sọ ọ́. Bàbá tó ti ń fura sí Yahoo, tó bá gbọ́ dọ́là, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Wellington Jighere ni kí o dárúkọ, ọmọ Nàìjíríà tó rìnrìn àjò lọ sí Perth ní Ọsirélíà lọ́dún 2015 tó gba ife Scrabble àgbáyé, tí Ààrẹ Buhari ìgbà náà pè é lórí fóònù kí i kú oríire. Àwọn bàbá wa ń bọ̀wọ̀ fún Scrabble, géèmù sì ni. Lẹ́yìn ìyẹn kí o tó wá sọ ti Arslan Ash, ọmọ Lahore ní Pàkísítàánì. Àwọn ará Kòríà àti Jàpáànì ló dà bíi pé wọ́n ni Tekken tẹ́lẹ̀, ó rìnrìn àjò lọ bá wọn ní Jàpáànì lọ́dún 2019, ó gba ife Evo ibẹ̀, ìdíje ńlá àwọn tó ń gbá géèmù ìjà, lọ́dún yẹn kan náà ó tún gba ti Las Vegas. Ká ní kò kúrò nílé ni, ta ni ì bá mọ̀ ọ́n?

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló kù, òun ló wúwo jù. Èmi náà tí mo ń kọ eléyìí, tí ọmọ mi bá ní òun fẹ́ dá lọ láti Ìlọrin sí Èkó, mi ò ní sùn. Mọ́tò òru, rárá o. Ẹ lè wọ mọ́tò àárọ̀ gba Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ dé Mọníyà, níbẹ̀ ni réluwé Ìbàdàn sí Èkó ti ń gbéra, 157 kìlómítà ni, láti 2021 ló ti ń gbé èrò, Èbúté Mẹ́ta ló sì ń já wọn sí. Ṣùgbọ́n yẹ àkókò tó ń gbéra wò dáadáa kí ẹ má lọ pàdánù ẹ̀. Gba nọ́ńbà àwọn tó ń ṣètò ìdíje, bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ tí ò tíì pé 18, kí o sì fún dádì ní nọ́ńbà yẹn kí wọ́n fúnra wọn pè. Ibi tí o máa sùn, kó jẹ́ ilé ẹni tí àwọn fúnra wọn mọ̀.

Àbí kí ló dé tí o fi sọ ọ̀rọ̀ ọjà yẹn bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan kan? O ní wọ́n ń lọ s'Ékòó lóṣooṣù. Lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí ọjà ò bá pọ̀, bá wọn ta títí di ìrọ̀lẹ́, má béèrè pádì. Tó bá kù ẹ̀yin méjèèjì, dọ̀bálẹ̀, ní "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń lọ ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó ní họlidé, ṣé a lè mú un bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìdíje yẹn, kí n bá yín ru ẹrù lọ́jọ́ Fúráìdé, kí ẹ wá bá mi jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé?" Tí wọ́n bá ṣì ní rárá, bẹ ẹ̀gbọ́n wọn kó bá ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Tó bá tún jẹ́ rárá, fi sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀ lẹ́yìn WAEC, máa gbá èyí tó bá wà ní Ìlọrin níbẹ̀ ná.

Èyí tó bá já sí, kọ̀wé sí mi.