Ilé ọlọ́lá létí òkun Àgbádárìgì: níbo ló yẹ kí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin akítẹ́ẹ̀tì wa. Bàbá wa fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ fún wa létí òkun níhà Àgbádárìgì. Ó fẹ̀ tó mítà 60 lójú omi, ó sì wọnú lọ tó mítà 200. Àgbọn ló kún ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣòwò ilé ní Lẹ́kí fẹ́ mú owó wá kí a jọ kọ́ fúláàtì 24 síbẹ̀, ilé alájà mẹ́jọ kan ṣoṣo, irú èyí tí àwọn olówó á máa wá sinmi sí lópin ọ̀sẹ̀. Ó ní kí a gé àwọn àgbọn náà kí òkun lè hàn kedere, kí a mọ ògiri kankéré síwájú kí omi má bàa wọlé, kí gbogbo ojú ilé tó kọjú sókun sì jẹ́ gíláàsì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní etíkun yẹn gan-an ni ọjà tí a fẹ́ tà, pé tí a bá bà á jẹ́, kí la ó máa pe oníbàárà wá wò? Ṣé a lè kọ́ ilé ọlọ́lá síbẹ̀ láìba ibẹ̀ jẹ́? Níbo la ó ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN

Mo kí yín o, mo sì kí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ. Ẹ lè kọ́ ilé ọlọ́lá síbẹ̀, kó lẹ́wà, kó sì pẹ́ láyé. Àmọ́ nínú gbogbo ohun tí ọ̀rẹ́ yín là kalẹ̀, kò sí èyí tí mo lè fọwọ́ sí bó ṣe wà yẹn. Ògiri yẹn ló burú jù, nítorí náà òun ni màá kọ́kọ́ mú.

Iyanrìn etíkun kì í gbé ojú kan. Lọ́dọ̀ wa níbí, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ìgbì ti ń wá, ó sì ń ti iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn: láti ìhà Kútọnu, gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, kó tó forí lé Èkó. Nígbà òjò, ìgbì á le, á gé iyanrìn lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á tún kó o padà wá. Òkìtì iyanrìn tó wà lókè etíkun, èyí tí koríko olódòdó àlùkò yẹn máa ń rá bò, ni òkun máa ń yá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ìjì. Àjọ ni òun àti òkun jọ ń dá. Bí ẹ bá mọ ògiri lé e, ẹ ti ti owó àjọ mọ́lé. Ìgbì á wá máa kọlu ògiri, agbára rẹ̀ á dà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri náà, á sì máa gbẹ́ iyanrìn ibẹ̀ lọ. Etíkun tí ẹ torí ẹ̀ kọ́lé á máa tín-ín-rín sí i lọ́dọọdún, ìpìlẹ̀ ògiri á yọ síta, ògiri fúnra rẹ̀ á sì wó. Ẹni tó nilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lápá ìlà-oòrùn, tí iyanrìn ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, á pè yín lẹ́jọ́. Ẹjọ́ rẹ̀ á sì tọ́.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Bar Beach mọ ohun tí mò ń sọ. Láti 1908 ni ìjọba òyìnbó ti ń to òkúta wọnú òkun lẹ́nu èbúté Èkó kí ọkọ̀ ojú omi lè ríbi wọlé. Iyanrìn tó ń ti ọ̀dọ̀ tiwa bọ̀ há sí apá ìwọ̀-oòrùn òkúta náà, níbi tí a ń pè ní Lighthouse Beach. Apá ìlà-oòrùn ò rí iyanrìn gbà mọ́, ni òkun bá ń jẹ Bar Beach wọnú Victoria Island. Léraléra ni ìjọba kó iyanrìn dà síbẹ̀, tí òkun sì ń kó o lọ, kó tó di pé wọ́n fi ògiri òkúta gìrìwò ṣe ààbò fún ibi tí wọ́n ń kọ́ Eko Atlantic sí, ìlú tuntun tí wọ́n ń tẹ̀ dó sórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òkun. Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe owó ìdílé kan.

Ohun tó wà níkàáwọ́ yín ni pé kí ẹ sún sẹ́yìn. Nínú mítà 200 tí ẹ ní, èmi ò ní gbé ìpìlẹ̀ kankan sínú mítà 100 àkọ́kọ́. Láti ibi tí omi ń gòkè dé nígbà tí ìgbì bá le jù ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n o. Ẹ má fi ibi tí omi wà lóṣù kìn-ín-ní ṣe ìwọ̀n, torí ìgbà yẹn ni òkun máa ń tutù lójú. Àwọn tó tẹ Àgbádárìgì dó mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, wọ́n fi ọ̀sà sáàárín ara wọn àti òkun. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn oníwàásù CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, parí ní 1845, ọ̀sà ló kọjú sí ní Marina Àgbádárìgì. Ilẹ̀ Gbẹ̀rẹ̀fù, tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, ló ń gba ìgbì òkun dúró fún un. Ó ṣì wà lórí ìdúró títí di òní.

Òfin náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má sì fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Òfin àpapọ̀ kan láti 1993 fi ilẹ̀ tó wà láàárín mítà 100 sí etí omi sábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Látìgbà tí iṣẹ́ títì etíkun láti Èkó lọ sí Calabar ti bẹ̀rẹ̀ ní 2024, ìjọba àpapọ̀ tún ń mẹ́nu ba mítà 250. Bó bá lọ bẹ́ẹ̀, gbogbo ilẹ̀ yín ló wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ etí omi ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó wá sọ́dọ̀ akítẹ́ẹ̀tì kankan, èmi náà pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni ìwé àṣẹ ìkọ́lé láti LASPPPA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé, àti àbẹ̀wò LASBCA, àjọ tó ń mójú tó bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ, ní gbogbo ìpele iṣẹ́. Ní ti àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ yín máa ṣe sí àyíká, òfin 1992 sọ ọ́ di dandan fún hótẹ́ẹ̀lì etíkun tó bá ju yàrá 80 lọ. Tiyín kéré sí i, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é. Ohun tí ẹ máa mọ̀ nípa ilẹ̀ yín níbẹ̀ ju owó tí ẹ máa san lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ilé gan-an. Ẹ má gé àgbọn. Gbòǹgbò rẹ̀ ń di iyanrìn mú, imọ̀ rẹ̀ sì ń gba iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ kó tó dé ara ògiri yín. Àgbọn tó ti dàgbà máa ń ga tó mítà 20 sí 25. Tí ẹ bá fi ilé náà mọ sí àjà mẹ́rin lórí òpó, bíi mítà 16 ni, orí àgbọn á ṣì ga ju òrùlé lọ. Apẹja tó ń ti agbami bọ̀ á rí ọgbà àgbọn kó tó rí ilé. Ẹni tó jókòó lókè kẹta á máa wo òkun láàárín igi, òjìji á sì wà lórí rẹ̀. Èmi mọ àwọn tó ń san owó ńlá fún ibi ìsinmi: ohun tí wọ́n torí ẹ̀ kúrò ní Èkó nìyẹn. Kí ẹ gba àwọn tó ń gun àgbọn ládùúgbò kí wọ́n máa ká a déédéé, kí èso má bàa já lu ọmọ ọlọ́mọ.

Fúláàtì 24 yín ò gbọdọ̀ dà bí ògiri kan gbọọrọ tó dí afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn. Ẹ pín in sí ilé mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fúláàtì méjì lájà kan: méjì níwájú, ẹ̀kẹta lẹ́yìn, kó kọjú sí àlàfo tó wà láàárín àwọn méjì yẹn. Báyìí ni gbogbo fúláàtì á ṣe rí òkun, tí afẹ́fẹ́ á sì máa kọjá lọ sí abúlé. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣófo, kó jẹ́ òpó lásán àti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Bí omi bá gòkè lọ́jọ́ burúkú kan, á gba ibẹ̀ kọjá láìba yàrá ẹnikẹ́ni.

Gúúsù ni etíkun wa kọjú sí, oore ńlá ni fún yín. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, tó máa ń tàn wọlé tààrà, ẹ̀gbẹ́ ilé ló máa bá. Ẹ dín fèrèsé kù níbẹ̀. Lójú gúúsù, oòrùn ọ̀sán máa ń wà lókè dáadáa, kódà lóṣù Kejìlá, débi pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yọ síta ní mítà 2 á ṣíji bo gbogbo ilẹ̀kùn yàrá ìgbàlejò. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn náà ni òjò tí afẹ́fẹ́ òkun ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ á kọ́kọ́ bá. Tó bá jẹ́ gíláàsì láti ìsàlẹ̀ dé òkè ni ẹ fi ṣe é, iyọ̀ á máa bò ó bí ìkùukùu, ẹ ó máa fi omi dídùn fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, AC á máa ké tọ̀sán-tòru. Ilẹ̀kùn tó ṣeé ṣí síwájú, fèrèsé tó ṣeé ṣí lẹ́yìn, kí atẹ́gùn gba àárín ilé kọjá: ọlá tòótọ́ nìyẹn létí òkun.

Lórí kankéré, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, torí ibẹ̀ ni ilé etíkun ti ń kú. Ẹ lọ wo ilé kan tó ti pẹ́ létí omi, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ìdí òpó rẹ̀. Ẹ máa rí ìlà tín-ín-rín kan tó sán lóòró, àbàwọ́n tó pọ́n bí epo ń ṣàn látinú rẹ̀. Ẹ fi òòlù kàn án: á dún gbọ̀ngàn bí ohun tó ṣófo. Bí èépá kankéré yẹn bá ṣí, ẹ ó rí irin tó ti wú, tó ń bó ní ìpele ìpele, tí àárín rẹ̀ ò tó ìdajì bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Iyọ̀ ló wọlé bá a. Irin tó bá dógùn-ún máa ń fẹ̀ ju bó ṣe wà lọ, òun ló ń ti kankéré já.

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fà á. Bíríkìlà bu iyanrìn etíkun pò ó, tàbí omi púpọ̀ ló wà nínú rẹ̀, tàbí irin sún mọ́ ojú òpó jù. Nítorí náà, kí iyanrìn wá láti inú odò omi dídùn, kí ẹ sì dán an wò fún iyọ̀. Fún àpò símẹ́ǹtì kílò 50 kan, omi ò gbọdọ̀ ju lítà 22 lọ, kí ẹ sì ka omi tó ti wà nínú iyanrìn mọ́ ọn. Bí ó bá ki jù fún wọn láti dà, oògùn kankéré, ìyẹn kẹ́míkà tó ń mú kó rọ̀ láìsí àfikún omi, ni kí wọ́n fi sí i, kí wọ́n má bu omi kún un. Bísíkíìtì tí wọ́n fi ń gbé irin kúrò lára pákó, kí ó jẹ́ mílímítà 50, kì í ṣe 25 tí wọ́n ń lò ní ìgboro. Kí ẹ fi omi dídùn rin kankéré náà fún ọjọ́ méje ó kéré tán. Ẹ̀yin fúnra yín tàbí ẹnjiníà yín ni kó dúró tì wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń da dẹ́kìn. Ẹ má gbà kí wọ́n rò ó fún yín lórí fóònù.

Omi mímu náà le díẹ̀. Lórí ilẹ̀ iyanrìn tó wà láàárín òkun àti ọ̀sà, ṣe ni omi dídùn ń léfòó lórí omi iyọ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Fún mítà 1 tí omi dídùn fi ga ju ojú òkun lọ, bíi mítà 40 rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ ńlá tí ẹ sì fa mítà kan yẹn tán, omi iyọ̀ á gòkè wá, kì í ṣe sínú bọ́ọ̀hòlù yín nìkan, sínú kànga gbogbo abúlé ni. Ẹ gba omi òjò láti orí òrùlé sínú táǹkì ńlá, kí ẹ sì dín ohun tí ẹ ń fà kù. Sókàwéè ò bá ibẹ̀ mu rárá, omi ilẹ̀ sún mọ́ òkè jù. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń tún omi ẹ̀gbin ṣe.

Ìjàpá òkun máa ń gòkè wá yé ẹyin sí etíkun wa lóru, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibi tó bá mọ́lẹ̀ jù ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń forí lé bí wọ́n bá ti yọ, torí ojú òkun ló yẹ kó mọ́lẹ̀ jù. Bí iná yín bá tàn ju òkun lọ, ọ̀dọ̀ jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n máa rá kú sí. Kí iná ìta wà nísàlẹ̀, kó ní ìbòrí lápá òkun, kó sì jẹ́ aláwọ̀ ọsàn.

Ó ku àwọn èèyàn. Kí ẹ tó ya àwòrán, ẹ lọ rí baálẹ̀ àti àwọn àgbà Ògù, tí a tún ń pè ní Ẹ̀gùn, tó wà lágbègbè náà, ẹ béèrè ibi tí ojúbọ wà, ibi tí wọ́n sin òkú sí, àti ọ̀nà tí àwọn afàwọ̀n ń gbà lọ sétí omi. Ẹ fi ọ̀nà náà sílẹ̀ fún wọn, mítà 4 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ yín, láìní géètì. Fẹ́ǹsì yín ò gbọdọ̀ kọjá ẹ̀yìn ọ̀wọ́ àgbọn àkọ́kọ́. Àwọn tó bá ń gbé fúláàtì yín á máa sọ̀ kalẹ̀ lọ ra ẹja tútù láàárọ̀ nídìí àwọ̀n, ìyẹn á sì dùn mọ́ wọn ju ilé ìwẹ̀ kankan lọ.

Ní báyìí, lọ́yà ni kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ sọ̀fẹ́yọ̀ tó máa wọn gíga ilẹ̀ náà pẹ̀lú fífẹ̀ rẹ̀, kí àwọn tó ń dán ilẹ̀ wò tó tẹ̀ lé e. Ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín wá sun ibẹ̀ mọ́jú lóṣù keje tàbí ìkẹjọ, nígbà tí ìgbì bá le, kó tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Kó ri èèkàn mọ́ ibi tí omi bá gòkè dé lóru ọjọ́ náà. Ibi èèkàn yẹn ni kí sọ̀fẹ́yọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka mítà 100.