Ṣé wíwú inú ọpọlọ ló fa bí ìyá mi ṣe ń gbàgbé ọ̀nà ilé láti ọjà Ayétòrò, l'Ẹ́pẹ̀ẹ́?

Wíwú nìkan kọ́ ló ń fa àrùn ìgbàgbé àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tó ń mú kí Alzheimer (irú àrùn ìgbàgbé tó wọ́pọ̀ jù) àti Parkinson (àrùn ọpọlọ tó ń mú ara gbọ̀n) máa burú sí i.

Kì í ṣe wíwú tí ojú lè rí. Ọpọlọ ní sẹ́ẹ̀lì aṣọ́de tirẹ̀, microglia, tó ń kó ìdọ̀tí, tó sì ń bá kòkòrò àrùn jà. Nínú Alzheimer, amyloid, èròjà purotéènì kan, máa ń ṣù jọ láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Bí àwọn aṣọ́de ò bá rí i kó tán, ìjà wọn, tí í ṣe wíwú tí à ń sọ yìí, kì í dáwọ́ dúró, ohun tí wọ́n ń tú jáde á wá máa ba sẹ́ẹ̀lì tó yè jẹ́. Ẹ̀rí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti jíìnì TREM2 tó ń darí àwọn aṣọ́de yìí: ní 2013, àwọn onímọ̀ kéde pé oríṣi rẹ̀ kan ń mú ewu Alzheimer pọ̀ sí i gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí èyí máa ra ibuprofen, oògùn ìrora tó ń dín wíwú kù, fún ìyá ní kẹ́míìsì. Wọ́n ti dán naproxen, tí iṣẹ́ wọn jọra, wò lára àwọn àgbàlagbà. Kò dènà Alzheimer, irú oògùn bẹ́ẹ̀ sì lè ṣe inú àti kíndìnrín wọn léṣe.

Ìgbàgbé tó bá dé lójijì, pàápàá pẹ̀lú ibà, ẹ̀fọ́rí líle tàbí ẹnu tó wọ́, yàtọ̀: ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.