Ìwọ lo gbé ọmọ kúrò nídìí abọ́

Ojú ìwé mẹ́ta lo kọ sí mi láti Ìbàdàn. O ní ọmọ rẹ ọkùnrin ti pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta, kò sì fẹ́ jẹun. Bó bá ti rí abọ́ búlúù tí ẹ fi ń po ẹ̀kọ, igbe ló máa fi ta. Bísíkíìtì nìkan ló ń wá kiri, àti mílíìkì inú ìgò, ìgò márùn-ún lójúmọ́. Ìyá ọkọ rẹ ti ń sọ̀kò ọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ kan níbi iṣẹ́ ti dárúkọ oògùn olómi kan tí í mú ọmọdé jẹun, o wá ń bi mí bóyá kí o rà á, àbí èyí tó dáa jù ú lọ wà.

Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò wọ́n lọ́dọ̀ mi, mo ti fẹ́ gbé e sílẹ̀ kí n tó dé ojú ìwé kejì, níbi tí o ti ń ṣàròyé nípa ìyá onílé. O ní: “Ohun tó tún ń tì mí lójú ni pé bí àwọn ọmọ-ọmọ ìyá onílé bá ń jẹ àmàlà lálẹ́, á lọ jókòó tì wọ́n, á máa bá wọn bu nínú rẹ̀. Mo máa ń sáré lọ gbé e ni, kí wọ́n má baà sọ pé mi ò fún ọmọ lóúnjẹ.” Bí o ṣe sọ ìyẹn tán, o padà sórí oògùn.

Dúró níbẹ̀ ná. Ọmọ ń jẹun. Àmàlà ló ń jẹ, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń bù ú, ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́. O dìde, o gbé e kúrò nídìí abọ́, o gbé e wọlé, o wá jókòó, o kọ̀wé sí mi pé ọmọ ò jẹun. Kí lo fẹ́ kí n sọ?

Wọ̀bìà lo ò fẹ́ kí wọ́n máa pè é, mo mọ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn: bí wọ́n bá fi oúnjẹ lọ̀ ẹ́ níta, o ní o ti yó, bí inú rẹ tilẹ̀ ń kùn yùn-ùn. Ẹ̀kọ́ ilé tó dáa ni, fún ọmọ ọdún méje. Ti ọdún méjì kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ojútì. Ohun tó mọ̀ ni pé nídìí abọ́ ìyá onílé, kò sí ẹni tó dì í mú.

Ìyẹn ló dá mi padà sí ojú ìwé kìíní, níbi tí o ti kọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé, “Tí kò bá gbà, a máa ń rọ ọ́.” Ọmọ ọdún méjì tó ti ń sáré kiri, ẹ ṣì ń rọ ọ́! Má wulẹ̀ ṣàlàyé fún mi, èmi náà ti rọ ọmọ rí. Àkọ́bí mi ni. N ó tẹ́ ẹ sórí itan, n ó fi ìgbọ̀nwọ́ há ọwọ́ rẹ̀ kan, n ó fi orúnkún há ẹsẹ̀, ìyá mi á di imú rẹ̀ mú, n ó wá kó àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ bí ìgbakọ sí i lẹ́nu, n ó da ẹ̀kọ sí i. Kó tó lè mí, àfi kó gbé e mì. Lọ́jọ́ kan, kò gbé e mì. Ibi tí èémí ń gbà ni ẹ̀kọ gbà. Ó gba imú jáde, ojú ọmọ yí, ètè rẹ̀ ń dúdú bọ̀. Ìyá mi já a gbà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí itan, ó ń gbá a lẹ́yìn. Mi ò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Nígbà tó ké, mo bá a ké. Oúnjẹ tó bá ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró lè pa ọmọ lójú ẹsẹ̀, bí kò bá sì pa á, ó lè dá àìsàn sí i láyà. O ní ó máa ń wúkọ́ tí ẹ bá ń rọ ọ́, o ní ìyá ọkọ rẹ sọ pé kò sí ìyọnu. Ìyọnu ń bẹ.

Nítorí náà, itan rẹ ló ń sá fún nígbà tó bá rí abọ́ búlúù.

Àwọn ìyá a máa sọ fún mi pé, “Nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ó ń jẹun jù báyìí lọ.” Òótọ́ ni. Láàárín ọdún kìíní, ọmọ máa ń wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta bí a ṣe bí i: ẹni tí a bí ní kílò 3 á sún mọ́ 9. Ní ọdún kejì, bíi kílò 2 sí 3 péré ló ń fi kún un. Ara tí kò dàgbà kíákíá mọ́, kí ló fẹ́ fi oúnjẹ rẹpẹtẹ ṣe? Lónìí á jẹ bí àgbà, lọ́la á tọ́ mọ́ínmọ́ín wò, á bá tirẹ̀ lọ. Lójú ìwé mẹ́ta, o ò sọ iye kílò tó wọ̀n. Mú káàdì àbẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì fi téèpù yí apá rẹ̀ lókè ká, kí wọ́n wo bó ṣe nípọn tó. Bí àyíká apá rẹ̀ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 12.5, tàbí tó ń rù, tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn, kì í ṣe tèmi.

Mílíìkì ìgò márùn-ún, ibo ni kí àmàlà wọ̀? Ohun tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀. Kó ìgò dànù, ife méjì tó o lójúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Bísíkíìtì, má rà á wọlé, kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá.

Oògùn tí ọ̀rẹ́ rẹ dárúkọ, mo mọ̀ ọ́n. Ara yíyún ni wọ́n ṣe é fún, oorun ló máa ń kun ni. Àwọn tó ń wá ìdí ńlá náà ń mu ún. Má fún ọmọ.

Lálẹ́ òní, ro àmàlà tìrẹ, kó tó gbogbo àwọn ọmọ yẹn, kó ewédú àti ẹja lé e, gbé e lọ bá ìyá onílé. Kí wọn dáadáa, o ti ń já ọmọ gbà mọ́ wọn lọ́wọ́ láti ọjọ́ yìí. Fa àpótí kan, jókòó, jẹ tìrẹ, má wo ẹnu ọmọ. Bó bá fi ewédú kun aṣọ, aṣọ ṣeé fọ̀. Bó bá dìde lẹ́yìn òkèlè mẹ́ta, kó máa lọ. Pe ìyá ọkọ rẹ kó wá wò ó. Abọ́ búlúù yẹn, fi bu omi fún adìẹ.