Ẹ́ńjìnì Zetec àti Kabúrétọ̀ Méjì Nínú Ọkọ̀ Àtòpọ̀: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi kó ọkọ̀ àtòpọ̀ kan bọ̀ láti ìlú Òyìnbó nígbà ayé wọn, irú èyí tí wọ́n ń ta ṣáásì àti ara rẹ̀ lọ́tọ̀ fún ẹni tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó. Gíáàbọ́ọ̀sì, axle ẹ̀yìn àti ẹ́ńjìnì Ford Escort àtijọ́ ni wọ́n fi parí rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì náà, Kent oní-1600, ti là, mo sì fẹ́ fi Ford Zetec tòkunbọ̀ oní-lítà 2.0 rọ́pò rẹ̀. N kò fẹ́ wàhálà bíréènì bọ́ọ̀sì, nítorí náà kabúrétọ̀ Weber méjì ni mo ń gbèrò. Mẹkáníìkì mi ní kí a ṣáà yọ bíréènì bọ́ọ̀sì dànù, kí a de kabúrétọ̀ mọ́ ọn, ó parí. Ẹlòmíràn sì ní kò lè ṣeé ṣe láéláé. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? — Òǹkàwé láti Ọ̀fà.

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń to irú ọkọ̀ yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti ṣe é, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí mẹkáníìkì yín ṣe là á sílẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni bíréènì bọ́ọ̀sì ń ṣe nínú Zetec: òun ni ó ń bu epo fún ẹ́ńjìnì, òun náà ni ó sì ń pàṣẹ ìgbà tí púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan yóò ta iná. Kabúrétọ̀ lè gba iṣẹ́ ti epo lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ti iná kò sí níkàáwọ́ kabúrétọ̀ rárá. Kent tí ẹ fẹ́ yọ ní dísítríbútọ̀, inú rẹ̀ ni ohun tí ń sún àkókò iná síwájú bí eré ẹ́ńjìnì bá ti ń pọ̀ sí i wà. Zetec, tí Ford gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, kò ní dísítríbútọ̀, kò sì sí ibi tí a ó fi í sí.

Ohun tí Zetec ní ni eyín tí a gé sí ara fúláíwíìlì rẹ̀. Ibi eyín 36 ni ó wà níbẹ̀, dígírì 10 láti ọ̀kan sí èkejì, ṣùgbọ́n a yọ ẹyọ kan sílẹ̀, tí ó fi ku 35. Sẹ́ńsọ̀ kan ń ka àwọn eyín náà bí wọ́n ti ń kọjá, nígbà tí àlàfo yẹn bá sì yọ, ó ti mọ ibi tí kíráńkì dé. Bí ẹ bá yọ bíréènì bọ́ọ̀sì, ẹ gbọ́dọ̀ wá ohun mìíràn tí yóò máa lo ìròyìn sẹ́ńsọ̀ náà. Èyí tí àwọn tó ń to ọkọ̀ sábà máa ń lò ni àpótí iná ti Ford tí a mọ̀ sí EDIS, pẹ̀lú àpótí kékeré kan tí ń jẹ́ Megajolt, èyí tí a fi kọ̀ǹpútà kọ àkókò iná sínú rẹ̀. Kọ́ìlì Zetec fúnra rẹ̀ lè bá wọn ṣiṣẹ́.

Ibi tí ìdẹkùn wà nìyí, mo sì fura pé ohun tó tan mẹkáníìkì yín jẹ nìyẹn bí ó bá ti rí i tí ẹnìkan ṣe é rí. Bí ẹ bá so EDIS nìkan, láìsí ohun tí ń pàṣẹ fún un, kò ní kọ iṣẹ́. Yóò kàn máa ta iná ní dígírì 10 ṣáájú òkè písítìnì ní gbogbo ìgbà. Ẹ ṣáná sí ọkọ̀, ẹ́ńjìnì yóò dáhùn, yóò máa yí jẹ́jẹ́, ẹni tó ṣe é yóò gba owó iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì máa lọ. Ìgbà tí ẹ bá jáde sí ọ̀nà Àjàsẹ́-Ìpo tí ẹ fẹ́ sáré ni ẹ óò rí i pé kò lágbára, pé ó ń mu epo, ó sì ń gbóná ju bó ti yẹ lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí réwáyà tó mọ iṣẹ́ fi sẹ́ńsọ̀ tí ń ka bí ẹ ti tẹ àsẹlẹ́rétọ̀ tó sí ara kabúrétọ̀, kí Megajolt lè máa wò ó. Ó lè ka agbára ìfàmọ́ra afẹ́fẹ́ dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lú kabúrétọ̀ méjì bẹ́ẹ̀, ìfàmọ́ra náà kì í dúró sójú kan.

Ní ti ríra ẹ́ńjìnì náà, orúkọ Zetec máa ń ṣini lọ́nà. Ford fi í pe ẹ́ńjìnì kékeré kan, Zetec-SE, tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, wọ́n sì tún lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ oríṣi lásán. Oní-1.8 tàbí oní-2.0 láti ara Mondeo tàbí Focus àkọ́kọ́ ni kí ẹ wá. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Òpópónà Táíwò ní Ìlọrin, ẹ má san owó títí ẹ ó fi rí fúláíwíìlì, sẹ́ńsọ̀ kíráńkì àti kọ́ìlì lára rẹ̀, nítorí wọ́n máa ń yọ wọ́n tà lọ́tọ̀. Ẹnìkan lè béèrè ìdí tí n kò fi dábàá ẹ́ńjìnì Corolla tó kún ilẹ̀: ihò bóòtù rẹ̀ kò bá gíáàbọ́ọ̀sì Ford mu, nígbà tí ti Zetec bá ti Kent mu débi pé ilé kílọ́ọ̀ṣì tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ lè gbà á.

Síbẹ̀, ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú ń fà ni wọ́n ṣe Zetec fún. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ dùbúlẹ̀ lọ́nà ìbú, tiyín yóò sì dùbúlẹ̀ lóòró. Kíráńkì rẹ̀ kò ní bẹ́ẹ̀rín kékeré tí imú ọ̀pá gíáàbọ́ọ̀sì ń jókòó lé; ẹ gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan sí i kí ẹ tó gbé ẹ́ńjìnì sókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gíáàbọ́ọ̀sì kò ní pẹ́ bàjẹ́. Sọ́ńpù rẹ̀, àwo ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnì, lè kọlu irin ìdábùú iwájú, kí wẹ́dà tó mọṣẹ́ gé e, kí ó sì tún un ṣe láìjẹ́ kí ẹnu tí ń fa ọ́ìlì jìnnà sí ìsàlẹ̀. Ilé tẹ́mọ́sítáàtì wà ní òpin tó kọjú sí gíáàbọ́ọ̀sì, èyí tí yóò fẹ̀yìn ti ògiri iwájú yín, nítorí náà omi nílò ọ̀nà mìíràn lọ sí rédíétọ̀. Ẹ wo ìhà tí kabúrétọ̀ yóò yọ sí pẹ̀lú, bóyá ó kan ọ̀pá sítíárì.

Ti epo ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ líle mú, nítorí iná lè tìdí rẹ̀ jó ọkọ̀. Pọ́ọ̀ǹpù ọkọ̀ onínọ́sù ń ti epo pẹ̀lú agbára tó lé ní psi 40. Weber kò fẹ́ ju nǹkan bí 3 sí 3.5 lọ. Bí ẹ bá lo pọ́ọ̀ǹpù tòkunbọ̀ náà, abẹ́rẹ́ inú kabúrétọ̀ kò ní lè dá epo dúró, yóò sì máa ṣàn lé ẹ́ńjìnì gbígbóná lórí. Zetec kò sì ní ibi tí a ń so pọ́ọ̀ǹpù alápá bíi ti Kent mọ́. Ẹ ra pọ́ọ̀ǹpù oníná ti kabúrétọ̀, kí ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìn, nítòsí táǹkì.

Ẹ kò sọ ìwọ̀n Weber tí ẹ fẹ́. Ọ̀pọ̀ ń sáré ra DCOE 45, oríṣi Weber tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 45, ṣùgbọ́n fún ẹ́ńjìnì tí a kò tíì fọwọ́ kan inú rẹ̀, tí yóò máa rìn láàrin Ọ̀fà àti Ìlọrin, 40 tẹ́ mi lọ́rùn jù. Ìlànà tí àwọn àgbà iṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ ni pé kí a fi 4 sọ ìwọ̀n ṣóòkù (ibi tóóró inú kabúrétọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá) di púpọ̀ kí a tó mú jẹ́ẹ̀tì epo (ihò kékeré tí ń díwọ̀n epo), kí a sì fi 50 kún ìyẹn fún jẹ́ẹ̀tì afẹ́fẹ́. Bí ṣóòkù bá jẹ́ 33, jẹ́ẹ̀tì epo 130 tàbí 135 àti ti afẹ́fẹ́ 180 tàbí 185 ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò lójú ọ̀nà ni yóò sọ ìyókù. Ẹ kìlọ̀ fún mẹkáníìkì yín kó má fún nọ́ọ̀tì Weber pa. Orí rọ́bà àti wáṣà onísípíríńgì ni ó ń jókòó, kí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì má baà mú epo inú rẹ̀ ru.

Agbára Kent yín tó nǹkan bí ẹṣin 85, Zetec oní-2.0 ní nǹkan bí 130. Ẹ tún bíréèkì ṣe kí ẹ tó sáré, kí ẹ sì lọ yí nọ́ńbà ẹ́ńjìnì inú ìwé ọkọ̀ padà, nítorí ọlọ́pàá á wò ó.

ÌBÉÈRÈ: Àsàláàmù àlékùm. Weber méjì ni ọkọ̀ àtòpọ̀ tèmi náà ń lò. Bí òòrùn bá mú, tí mo pa á fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀, kì í fẹ́ dáhùn mọ́. Ṣé kí n fi jẹ́ẹ̀tì ńlá sí i? Ṣé dandan sì ni fílítà nígbà ọyẹ́? — Òǹkàwé láti Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Wa àlékùm sàláàm. Ẹ má fọwọ́ kan jẹ́ẹ̀tì. Epo ń hó nínú kabúrétọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnì, ó sì ń dà sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́, nítorí náà epo ti pọ̀ jù nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣáná. Ẹ fi páànù dí ooru sàlẹ́ńsà kúrò lọ́dọ̀ kabúrétọ̀ àti páìpù epo, kí ẹ sì fi gáskẹ́ẹ̀tì tí kì í gba ooru sáàárín kabúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnì. Nígbà tí ó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ má fi ẹsẹ̀ fún àsẹlẹ́rétọ̀ léraléra, nítorí Weber ń tu epo sínú ẹ́ńjìnì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dì í mú síbẹ̀, kí ẹ sì ṣáná.

Fílítà jẹ́ dandan. Eruku ọyẹ́ ń jẹ ògiri sìlíńdà, ó sì ń dí ihò jẹ́ẹ̀tì. Fílítà oníkànìnkànìn dára, bí àlàfo tó tó bá wà láàrin rẹ̀ àti ẹnu kabúrétọ̀, kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà wọlé. Ní oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ẹ máa fọ̀ ọ́ lemọ́lemọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ sì fi ọ́ìlì fílítà pa á kí ẹ tó dá a padà.