Módẹ́ẹ̀mù wà, ráútà wà, íntánẹ́ẹ̀tì ni kò sí: Àǹtí Oníwáyà dá yín lóhùn

Mo tú àpò lẹ́tà yín lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ módẹ́ẹ̀mù (ohun tó ń gba síìmù, tó ń fa íntánẹ́ẹ̀tì wá) àti ráútà (ẹ̀rọ tó ń fi Wi-Fi pín in kiri ilé) ló kún inú rẹ̀. Gbogbo yín ló fẹ́ kí síìmù kan ṣoṣo máa bọ́ gbogbo fóònù inú ilé. Mo yọ mẹ́rin nínú wọn. Ti olùkọ́ ló máa gùn jù, ẹ má bínú. Irú ohun tó ṣe é ni wọ́n ń gbé wá bá mi lemọ́lemọ́ nídìí tábìlì mi ní Dùgbẹ̀, owó tí kò yẹ kó jáde lápò ẹnikẹ́ni ló sì máa ń bá a lọ.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Ìsẹ́yìn, mo sì ń ṣe lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ fún àwọn ọmọ nínú ilé mi. Módẹ́ẹ̀mù USB kan tó jẹ́ ZTE ni mo fi ń lo íntánẹ́ẹ̀tì lórí láptọ́ọ̀pù, kò sì fún mi ní wàhálà rí. Nígbà tí àwọn ọmọ pọ̀ sí i, mo ra ráútà TP-Link tó ní ihò USB lẹ́yìn. Mo ki módẹ́ẹ̀mù bọ̀ ọ́, iná rẹ̀ tàn, orúkọ Wi-Fi yọ lórí fóònù, ṣùgbọ́n "No internet" ni gbogbo wọn ń kọ. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n lọ ra módẹ́ẹ̀mù mìíràn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÈSÌ: Olùkọ́ wa, ẹ má tíì ná kọ́bọ̀. Ráútà yẹn ni ká kọ́kọ́ bi léèrè. Kì í ṣe gbogbo ihò USB tó wà lẹ́yìn ráútà ni wọ́n ṣe fún módẹ́ẹ̀mù. Ẹ wo Archer C7: ráútà gidi ni, ó ní ihò USB, àmọ́ fílásì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ihò yẹn wà fún. Bí ẹ ki módẹ́ẹ̀mù bọ̀ ọ́, iná lásán ló máa fún un. TL-WR841N tí ẹ ń rí káàkiri ọjà kò tilẹ̀ ní ihò USB rárá. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún módẹ́ẹ̀mù ni irú TL-MR3420, wọ́n á kọ "3G/4G" gàdàgbà sára páálí rẹ̀.

Ẹ yọ módẹ́ẹ̀mù ná. Ẹ so láptọ́ọ̀pù mọ́ Wi-Fi ráútà, ẹ tẹ àdírẹ́sì tí wọ́n kọ sábẹ́ ráútà náà sínú bráúsà, kí ẹ fi páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ wọlé. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "3G/4G" sí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ráútà ló jẹ̀bi, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á, kí ẹ má sì jẹ́ kó fi ọ̀rọ̀ dídùn ṣe yín. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ lọ sí ìkànnì TP-Link, ẹ wo àwọn módẹ́ẹ̀mù tí ráútà yín mọ̀. Nọ́ńbà ráútà nìkan kò tó láti fi wò ó o. Ẹ̀dà rẹ̀ náà ṣe kókó, V1, V2 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ó wà lára bébà kékeré tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn, tí ẹ bá fi ètò tuntun láti ìkànnì yẹn sí ráútà, ó máa ń mọ módẹ́ẹ̀mù tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ká gbà pé ráútà yín mọ́ lẹ́jọ́. Ó ku módẹ́ẹ̀mù. Oríṣi méjì ló wà, ìyàtọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò sì mọ̀. Ẹ dá tiyín padà sára láptọ́ọ̀pù, kí ẹ wo ohun tó máa ṣe. Bí ètò kan bá ṣí tó ní bọ́tìnnì "Connect", tí ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé, módẹ́ẹ̀mù tí wọ́n ń bá pe nọ́ńbà nìyẹn. Ráútà ló máa bá a pè é, ẹ̀yin lẹ máa sọ nọ́ńbà náà fún ráútà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé nínú bráúsà ni ojú ìwé kan ti ṣí, tí àdírẹ́sì rẹ̀ jẹ́ 192.168.8.1 tàbí 192.168.0.1, ráútà kékeré ni módẹ́ẹ̀mù yín fúnra rẹ̀. Ó ti wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ó sì ń pín àdírẹ́sì fún ẹ̀rọ tí ẹ bá so ó mọ́. Ti Huawei tí wọ́n ń pè ní HiLink, 192.168.8.1 ló máa ń jẹ́. Ti ZTE, 192.168.0.1 ló wọ́pọ̀ lára wọn.

Ibẹ̀ gan-an ni mo fura sí. Ọ̀pọ̀ TP-Link náà, 192.168.0.1 ni wọ́n ń jẹ́ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n. Tí ojúlé méjì bá jẹ́ nọ́ńbà kan náà ní àdúgbò kan, ibo ni ẹni tó gbé lẹ́tà wá fẹ́ kàn sí? Ráútà á wo ohun tó yẹ kó gbé fún módẹ́ẹ̀mù, á rò pé òun fúnra òun ni wọ́n ń bá wí, kò sì ní gbé e kúrò nílé. Fóònù á rí Wi-Fi, kò ní rí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó ní kí ẹ ra módẹ́ẹ̀mù mìíràn kò purọ́ tán. Bí ẹ bá ra Huawei, ó lè ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, torí àdírẹ́sì tirẹ̀ yàtọ̀, òun náà á sì máa yan kiri pé òun mọṣẹ́. Àmọ́ ohun tí ẹ lè fi ìka yí lẹ fẹ́ fi owó rà yẹn. Nínú ojú ìwé ráútà, ẹ lọ sí "Network", ẹ tẹ "LAN", ẹ pa 192.168.0.1 rẹ́, ẹ kọ 192.168.5.1 rọ́pò rẹ̀, kí ẹ tẹ "Save". Ráútà á pa ara rẹ̀, á tún tan ara rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, 192.168.5.1 lẹ ó máa fi wọ inú rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ti módẹ́ẹ̀mù. Ẹ wá lọ síbi tí wọ́n kọ "Internet Access" sí, kí ẹ mú "3G/4G Only". Bó bá jẹ́ "WAN Only" (ihò wáyà nìkan) ló wà níbẹ̀, ráútà kò ní wo ojú módẹ́ẹ̀mù yín títí ayé. Ẹ ki módẹ́ẹ̀mù padà, kí ẹ ní sùúrù fún un díẹ̀. Kì í tètè jí.

Fún ẹ̀yin tí módẹ́ẹ̀mù yín jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń bá pe nọ́ńbà: nọ́ńbà náà ni *99#, APN (orúkọ ọ̀nà tí síìmù ń gbà dé íntánẹ́ẹ̀tì) ti MTN sì ni web.gprs.mtnnigeria.net, ti Airtel ni internet.ng.airtel.com. Àmì ìdánudúró kan tí ẹ bá gbàgbé, kò ní lọ. Bí síìmù bá ní PIN, ẹ fi síìmù sínú fóònù, kí ẹ pa PIN náà kí ẹ tó dá a padà. Ẹ sì rántí NIN. Síìmù inú módẹ́ẹ̀mù kì í pe ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kì í pè é, torí náà ọ̀pọ̀ ló gbàgbé láti so ó mọ́ NIN, wọ́n ti dí i pa, àwọn ń bá ráútà jà.

Ọ̀rọ̀ iná ló kù. Bí módẹ́ẹ̀mù bá ń tàn, tó ń kú, tó tún ń tàn, pàápàá nígbà tí gbogbo ọmọ bá jọ dé, ebi iná ló ń pa á. Agbára tí ihò USB 2.0 yẹ kó fún nǹkan kò ju mílíáńpíà 500 lọ, módẹ́ẹ̀mù tó ń wá 4G níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti rẹlẹ̀ sì lè fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣájà tó bá ráútà wá ni kí ẹ lò. Bó bá ti sọnù, ẹ ka fóòtì (nọ́ńbà tó ní V lẹ́yìn) tó wà lára ráútà kí ẹ tó ra òmíràn. Ẹni tó fi ṣájà fóòtì 12 sí ráútà fóòtì 9 ti pè mí sílé rí, èéfín ló kí mi káàbọ̀. Bí ṣájà bá pé tí módẹ́ẹ̀mù ṣì ń kú, ẹ ra họ́ọ̀bù USB tó ní ṣájà tirẹ̀, kó wà láàárín àwọn méjèèjì. Tàbí kẹ̀, wáyà USB tí kò gùn ju mítà kan tàbí méjì lọ, kí módẹ́ẹ̀mù lè jókòó sí ojú fèrèsé, kí ráútà dúró ní yàrá tí àwọn ọmọ wà. Òrùlé páànù àti irin fèrèsé kì í bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣeré. Mo ti rí ilé tí wáyà yìí nìkan sọ di èèyàn.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ilé-Ifẹ̀. Ráútà tí mo ní kò ní ihò USB, módẹ́ẹ̀mù USB nìkan ni mo ní, kò sì sí owó. Kí ni mo lè ṣe?

ÈSÌ: Àbúrò mi, láptọ́ọ̀pù rẹ ni afárá. Ki módẹ́ẹ̀mù bọ inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ Windows 10 tàbí 11 ni, "Mobile hotspot" inú Settings lè pín in fún fóònù yín, o kò tilẹ̀ nílò ráútà. Bí yàrá bá pọ̀ tí o fi fẹ́ kí ráútà gbé e jìnnà, fa wáyà LAN láti láptọ́ọ̀pù sí ihò WAN ráútà, kí o lọ sí ibi tí Windows kó àwọn ìsopọ̀ rẹ̀ jọ sí, kí o ṣí "Sharing" lórí ìsopọ̀ módẹ́ẹ̀mù, kí o sì yan wáyà náà. Ráútà á gba àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.137, má jẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́. Ìgbà tí láptọ́ọ̀pù bá sùn ni gbogbo yín máa sùn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, aránṣọ ni mí ní Abẹ́òkúta. Òkè ni mò ń gbé, ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ní MiFi (módẹ́ẹ̀mù oní-bátìrì tó ń pín Wi-Fi fúnra rẹ̀), kì í dé ìsàlẹ̀ dáadáa, àwọn oníbàárà mi sì fẹ́ràn láti máa fi sítáì hàn mí lórí fóònù. Bí àwa mélòó kan bá ti wọlé, MiFi á ní òun ti kún. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fún mi ní ráútà kan tí kò lò mọ́. Ṣé ó wúlò?

ÈSÌ: Ó wúlò gan-an, àǹtí aránṣọ, ẹ kò sì nílò wáyà kankan láàárín wọn. Ẹ wọ inú ojú ìwé ráútà, ẹ wá "Operation Mode". Bí ẹ bá rí "WISP" níbẹ̀ (ìlànà tí ráútà fi ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti inú Wi-Fi mìíràn), ẹ jó! Ẹ mú un, kí ẹ jẹ́ kó wá Wi-Fi tó wà nítòsí, ẹ yan orúkọ MiFi yín, ẹ fi páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sí i, kí ẹ wá sọ Wi-Fi tuntun náà ní orúkọ mìíràn.

Ẹ ó rí "Range Extender" lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń mú ìyẹn torí ó rọrùn, àmọ́ kò bá yín lára mu. Tí ráútà bá ń ṣe ìyẹn, fóònù oníbàárà kọ̀ọ̀kan ṣì ń lọ jókòó lórí MiFi, èyí tó sì máa ń kún náà lè ṣì kún. Ọ̀pọ̀ MiFi kì í gbà ju ẹ̀rọ mẹ́wàá lọ. Ní WISP, ráútà nìkan ni MiFi rí, ẹyọ kan ṣoṣo ló kà á sí, bí ogún èèyàn tilẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì tí mo bá olùkọ́ sọ lókè kàn yín náà: bí MiFi bá jẹ́ 192.168.0.1, ráútà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ.

Ẹ gbé ráútà sí orí àtẹ̀gùn, ní ibi tí MiFi ṣì dé geere. Bí ẹ bá gbé e sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ nísàlẹ̀, níbi tí Wi-Fi ti kú tán, kí ló fẹ́ gbé? Ìyára á dín kù díẹ̀, torí ẹ̀rọ kan náà ló ń gbọ́ tó tún ń sọ. Fún WhatsApp àti sítáì, ẹ kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ohun kan tí ń kò fẹ́ ni kí MiFi wà lórí ṣájà láti òwúrọ̀ dé òwúrọ̀, bátìrì rẹ̀ á wú. Bí ẹ bá ti rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ ikùn, ẹ yọ bátìrì náà, ẹ má gún un, ẹ má sì fi òkúta tẹ̀ ẹ́ padà.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí Oníwáyà, ọmọ mi, mo kí ọ láti Àkúrẹ́. Ọmọ mi kan bá mi so módẹ́ẹ̀mù mọ́ ráútà, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n dátà tí mo fi ń lo oṣù kan tẹ́lẹ̀ kò pé ọ̀sẹ̀ kan mọ́, àwa méjì péré la sì wà nílé. Ṣé aládùúgbò ló ń jí i ni?

ÈSÌ: Ẹ kú àgbà, Bàbá. Ẹ má tíì fura sí aládùúgbò. Fóònù yín ni olè. Nígbà tí ẹ ń lo dátà láti inú síìmù fóònù, ó mọ̀ pé owó ni, ó sì ń ṣọ́ ọ ná. Wi-Fi ló rí báyìí, ó sì gbà pé Wi-Fi kì í tán. Gbogbo ètò tó ti ń dúró de Wi-Fi láti ọjọ́ yìí ló dìde: Play Store ń sọ gbogbo ohun tó wà lórí fóònù di tuntun, Google Photos ń kó àwòrán yín lọ, WhatsApp ń fa gbogbo fídíò ẹgbẹ́ wọlé láìbéèrè. Bí láptọ́ọ̀pù oní-Windows bá wà nílé, ẹbọra nìyẹn fúnra rẹ̀.

Kí ọmọ yín ṣe nǹkan wọ̀nyí fún yín lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Lórí Android, kó tẹ orúkọ Wi-Fi náà, kó wá "Metered" tàbí "Treat as metered", kó mú un, kí fóònù lè mọ̀ pé dátà yìí ń tán. Lórí Windows, "Metered connection" ni, kó tàn án. Nínú WhatsApp, kó lọ sí "Storage and data", kó yọ fídíò kúrò lára ohun tó ń wọlé fúnra rẹ̀ nígbà tí Wi-Fi bá wà. Ti Play Store, kó pa "Auto-update apps".

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wo ti aládùúgbò. Nínú ojú ìwé ráútà, orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí Wi-Fi yín ló wà níbi tí wọ́n ń pè ní "DHCP Clients List". Bí ẹ bá ka ju tiyín lọ, ẹ pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù, kí ẹ má sì sọ tuntun fún ọmọ tó ń wá gba omi. Ẹ̀yin náà lè máa ṣọ́ dátà: ẹ fi síìmù sínú fóònù, ẹ tẹ *323#, ọ̀kan náà ni lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti 2023. Ọ̀pọ̀ módẹ́ẹ̀mù tó ń ṣí nínú bráúsà lè tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, láìyọ síìmù. Ẹ ṣe é lálẹ́, kí ẹ tún ṣe é láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan fóònù. Bí dátà bá dín kù gan-an láàárín òru, ẹ pa gbogbo ẹ̀rọ yín lálẹ́ ọjọ́ kejì, kí ẹ fi ráútà nìkan sílẹ̀. Bó bá tún dín kù, ẹ kọ̀wé sí mi padà, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ráútà àti èyí tó wà lára módẹ́ẹ̀mù sínú rẹ̀.