Ìyá Ìbejì, ẹ má fi kọ́bọ̀ kún owó ẹ̀rọ nítorí géèmù orí àkáǹtì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ o. Ẹ jẹ́ kí n tún ìbéèrè yín sọ kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè bá wa lọ. Ẹnì kan ní Ìkẹjà ń ta PS5 (PlayStation 5, ẹ̀rọ géèmù Sony) tòkunbọ̀ tí kò ní ojú tí a ń ki díìsìkì bọ̀. Ó ní géèmù tó lé ní ogún wà lórí rẹ̀, lórí àkáǹtì òun (ìyẹn orúkọ àti páàsìwọ́ọ̀dù tí ènìyàn fi ń ra géèmù ní ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì), kí ẹ fowó kún un nítorí wọn. Ẹlòmíràn ní Dùgbẹ̀ ń ta èyí tó ní ojú díìsìkì, inú rẹ̀ ṣófo, owó rẹ̀ sì tún fi díẹ̀ ga ju ti Ìkẹjà lọ. Ẹ fẹ́ mọ èyí tí ẹ máa rà, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè ta géèmù tó bá sú àwọn ọmọ.

Ti Dùgbẹ̀ ni kí ẹ rà. Mo rí àwọn tó fèsì ṣáájú mi pé díìsìkì ti kú, pé gbogbo nǹkan ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Ẹ má dá wọn lóhùn. Fídíò àwọn òyìnbó ni wọ́n ń wò, àwọn tí iná wọn kì í lọ, tí dátà wọn kì í tán, tí káàdì báǹkì wọn ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Wọ́n á wá kó ọ̀rọ̀ yẹn bò wá níbí bí ẹni pé ọ̀kan ni wá.

Ohun tí ojú mi rí nìyí. Mo ní ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Òṣogbo, ibi tí àwọn ọmọ ti ń sanwó gbá bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo ra ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń kó tòkunbọ̀ wọ̀lú. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà, nítorí ẹ̀rọ wọn ni mo ṣì fi ń jẹun. Géèmù kún inú rẹ̀ bámúbámú, gbogbo wọn sì wà lórí àkáǹtì kan ṣoṣo. Ó fún mi ní ímeèlì àti páàsìwọ́ọ̀dù, mo yí páàsìwọ́ọ̀dù padà lójú rẹ̀. A kọ̀wé, ó fọwọ́ sí i, ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i. Kí ló tún kù tí olóòótọ́ ènìyàn ń ṣe?

Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó sì wá di Sátidé kan, ìdíje ń lọ lọ́wọ́, ṣọ́ọ̀bù kún dẹ́nudẹ́nu, wọ́n mú iná lọ, wọ́n mú un dé. Mo tan ẹ̀rọ, mo tẹ géèmù bọ́ọ̀lù, ó ní mi ò ní ẹ̀tọ́ sí i, kí n lọ rà á. Mo tẹ òmíràn, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Géèmù wà níbẹ̀ o! Mò ń wo àwòrán rẹ̀, ó jókòó lórí ẹ̀rọ, ó gba àyè, kò kàn ṣí ni. Mo gbìyànjú láti wọ inú àkáǹtì, páàsìwọ́ọ̀dù mi kò wọlé mọ́. Mo pe ọkùnrin náà, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ. Mo dá owó ìdíje padà fún àwọn ọmọ. Àwọn tí kò san owó kankan náà ní àwọn san, mo fún wọn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ẹ wá gbọ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ. Nọ́ńbà tí a lè fi pè wọ́n láti Nàìjíríà kò sí, orí chat nìkan ni. Ẹni àkọ́kọ́ bi mí ní ọjọ́ ìbí ẹni tó ni àkáǹtì. Ọjọ́ ìbí ta ni kí n sọ? Ó bi mí ní nọ́ńbà ìparí káàdì tí wọ́n kọ́kọ́ fi ra géèmù. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n, ẹ wo ìwé tí mo fi ra ọjà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún sùúrù mi, ó sì pa ìjíròrò dé. Mo padà wọlé, ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Òun náà dúpẹ́ fún sùúrù mi. Ta ló sọ fún wọn pé mo ní sùúrù? Ẹnì kan ní kí n lọ sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣí àkáǹtì náà. Ẹlòmíràn kan ṣáà ń lẹ ìpínrọ̀ kan náà mọ́ mi lójú, pé àkáǹtì kì í ṣe ohun tí a ń tà tàbí tí a ń rà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ wàhálà, ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu ọ̀kan nínú wọn: ẹni tó ni àkáǹtì gan-an wà lókè òkun, ó ti fi ìdí ara rẹ̀ múlẹ̀, ó ti gbà á padà, ó sì ti já gbogbo ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn kúrò. Bí ìgbà tí ènìyàn ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe onílẹ̀ ni: ìwé wà, ẹlẹ́rìí wà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí onílẹ̀ bá yọjú, ẹrù lo máa kó.

Mo gbé ìwé mi lọ sí ọ́fíìsì kan tó yẹ kó máa gbèjà ẹni tó rajà. Ọ̀gá tó jókòó síbẹ̀ wo ìwé, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Géèmù àwọn ọmọdé lẹ torí ẹ̀ wọ mọ́tò wá síbí?" Mo ní oúnjẹ òòjọ́ mi ni. Ó ní kí n lọ kọ lẹ́tà, kí n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ wá. Mo kọ ọ́, mo ṣe ẹ̀dà. Lẹ́tà yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ wọn di bí mo ṣe ń sọ yìí.

Lọ́yà kan ládùúgbò ló jẹ́ kí n rí ìdí ọ̀rọ̀. Ó ní kí n ka ìwé gígùn tí gbogbo wa máa ń tẹ "mo gbà" sí láìkà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé wọn kò ta géèmù fún ẹnikẹ́ni. Àyè láti lò ó ni wọ́n fi fún ẹni tó ṣí àkáǹtì, kò sì gbọ́dọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹ rí i, Ìyá Ìbejì, ìdáhùn ìbéèrè kejì yín wà níbẹ̀: géèmù tí ẹ bá rà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ò lè tà á. Ti díìsìkì ni ẹ lè tà, ẹ lè fi tọrẹ, ẹ lè yá ará ilé.

Wọ́n sì ti bá ara wọn ṣẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí lókè òkun kí ó tó kàn wá. Ní Amẹ́ríkà, láti 1908 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ti sọ, nínú ẹjọ́ kan tó dá lórí ìwé kíkà, pé ẹni tó ti ra ẹ̀dà kan lè tún un tà ní iye tó bá wù ú. Orí òfin yẹn ni àwọn ṣọ́ọ̀bù bíi GameStop dúró lé tí wọ́n fi ń ta géèmù àlòkù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé iṣẹ́ ReDigi gbìyànjú láti jẹ́ kí àwọn ènìyàn tún orin tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tà, ilé ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi ní 2013, ti kòtẹ́míìlọ́rùn náà sì dá wọn lẹ́bi ní 2018. Ní Yúróòpù ọ̀rọ̀ fẹ́ gba ibòmíràn. Ní 2012, ilé ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ nínú ẹjọ́ UsedSoft àti Oracle pé a lè tún ètò kọ̀ǹpútà tí a ti rà títí ayé tà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti gbà á. Ẹgbẹ́ àwọn oníbàárà ní Faransé, UFC-Que Choisir, fi ìyẹn gbé Valve tó ni Steam, ṣọ́ọ̀bù géèmù kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì borí ní Paris ní oṣù kẹsàn-án 2019. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́. Ní oṣù kẹwàá 2022, kòtẹ́míìlọ́rùn dá ìdájọ́ náà nù.

California ní tirẹ̀ ṣe òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025. Ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bá kọ "rà á" sára géèmù gbọ́dọ̀ sọ fún ènìyàn pé àyè ìlò lásán ló ń san owó fún. Òfin kò ní kí wọ́n fún ọ ní ẹ̀tọ́ o, ó ní kí wọ́n sọ fún ọ pé o ò ní in.

Àwọn tó ń sọ pé kò sí ohun tí a lè ṣe sí i, ẹ̀yin ni mò ń bá wí báyìí. Ní oṣù karùn-ún 2013 Microsoft fi ẹ̀rọ géèmù wọn tuntun, Xbox One, han aráyé. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ kan íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí 24, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ géèmù kò ní ṣí. Wọ́n ní bí o bá fẹ́ fún ọ̀rẹ́ ní díìsìkì rẹ, ọ̀rẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti wà lára àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lórí ẹ̀rọ fún ọjọ́ 30, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni. Bóyá ènìyàn lè ta díìsìkì padà fún ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ṣe géèmù ló máa pinnu. Aráyé figbe ta. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà, ní Los Angeles, Jack Tretton, ọ̀gá kan ní Sony, dìde, ó ní PS4, ẹ̀rọ tó ṣáájú PS5, kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ta díìsìkì rẹ̀ tàbí kó yá ọ̀rẹ́, àwọn ènìyàn hó yèè bí ẹni pé bọ́ọ̀lù wọlé. Dọ́là 399 ni tiwọn, ti Xbox jẹ́ 499. Kí oṣù náà tó parí, ní ọjọ́ 19, Microsoft kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ.

Àmọ́ ẹ wo bí àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe padà wọlé. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi ipá ṣe ní 2013, ẹ̀dínwó ni wọ́n fi ń ṣe é báyìí. Sony kan náà tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ta PS5 tí kò lójú díìsìkì ní 2020, owó rẹ̀ fi dọ́là 100 kéré sí ti ìkejì rẹ̀ tó lójú díìsìkì. Xbox Series S náà kò lójú díìsìkì. PS5 Pro tó jáde ní 2024, tó wọ́n jù nínú wọn, kò ní in rárá, àyàfi kí ènìyàn lọ ra á sọ́tọ̀. Owó tí ẹ rò pé ẹ jèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún ní Ìkẹjà, ẹ̀tọ́ yín láti ta géèmù ni ẹ fi san án. Láti ìgbà náà lọ, ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló kù tí ẹ ti lè ra géèmù, iye tó bá sì pè é lẹ máa san.

Ṣọ́ọ̀bù yẹn kò sì mọ̀ wá. PlayStation kò ṣí ṣọ́ọ̀bù fún Nàìjíríà. Àkáǹtì Amẹ́ríkà tàbí ti ìlú ọba ni a máa ń ṣí, a ó wá ra káàdì ẹ̀bùn (gift card) láti fi sanwó. Ẹ jọ̀ọ́, káàdì Amẹ́ríkà kò ṣiṣẹ́ lórí àkáǹtì ìlú ọba! Ẹ má sì ra káàdì ẹ̀bùn tó pọ̀ lówó jù lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀, gbájúẹ̀ pọ̀ nídìí rẹ̀. Ẹ má sì gbọ́kàn lé káàdì náírà yín: ẹ rántí 2022 tí àwọn báǹkì bẹ̀rẹ̀ sí í dí káàdì náírà mọ́ ìnáwó dọ́là.

Díìsìkì náà kò mọ́ pátápátá o, kí n má tàn yín. Ilé iṣẹ́ Ubisoft pa géèmù ọkọ̀ wọn, The Crew, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2024, ẹni tó ní díìsìkì àti ẹni tí kò ní, gbogbo wọn ló pàdánù rẹ̀, nítorí géèmù náà kò lè ṣí láìkan sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti ẹ̀rọ géèmù Nintendo Switch 2 náà, ẹ ṣọ́ra: káàdì géèmù kan wà tí kọ́kọ́rọ́ nìkan ló wà nínú rẹ̀, géèmù fúnra rẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa gbà á. A lè tún káàdì yẹn tà ṣá. Ní ti bọ́ọ̀lù, EA, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù FIFA, yọ ọ́ kúrò lórí ṣọ́ọ̀bù íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù kẹsàn-án 2023 nígbà tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí EA Sports FC, ṣùgbọ́n díìsìkì FIFA 23 ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn ọmọ sì ń gbá a. Bí àlòkù díìsìkì bá ní ìwé kóòdù (nọ́ńbà tí a fi ń gba àfikún géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀ẹ̀kan péré) nínú àpótí rẹ̀, ẹ gbà pé wọ́n ti lò ó.

Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ta ẹ̀rọ tí wọ́n ti já àgádágodo rẹ̀, ìyẹn ààbò tí ilé iṣẹ́ fi sí i, fún yín. Wọ́n á sọ pé géèmù ọ̀fẹ́ ni. Bí ilé iṣẹ́ bá rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ti ẹ̀rọ náà mọ́ta, kò sì sí ẹni tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀ lórí chat.

Àyẹ̀wò ti Dùgbẹ̀ kò le. Ẹ mú díìsìkì lọ, ẹ ki díìsìkì náà bọ inú ẹ̀rọ, ẹ gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀. Ẹ ní kó nu gbogbo inú ẹ̀rọ lójú yín kó dà bí tuntun, ẹ ṣí àkáǹtì yín, ó tán. Àwọn ìbejì á máa fi ojú wọn rí i pé PS5 ń lo díìsìkì PS4 náà, ìyẹn sì pọ̀ lọ́jà, kò wọ́n.

Bí ó bá jẹ́ pé ti Ìkẹjà ni ọkàn yín ṣì wà, ẹ sọ fún un pé ẹ̀rọ nìkan lẹ fẹ́, kó pa àkáǹtì rẹ̀ rẹ́ kúrò lórí rẹ̀, kó yọ owó géèmù kúrò. Kí ẹ tó lọ, ẹ wo nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CFI lẹ́yìn ẹ̀rọ. Bí ó bá jẹ́ CFI-1, kò sí bí ẹ ṣe lè fi ojú díìsìkì kún un láéláé. Bí ó bá jẹ́ CFI-2, ẹ lè ra ojú díìsìkì lọ́tọ̀ kí ẹ sì fi sí i, ṣùgbọ́n ẹ máa nílò íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá so ó pọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà náà síbí kí n wò ó, ẹ má sì fi owó ránṣẹ́ kí n tó dá yín lóhùn.