Ẹnu rẹ ló ṣì ń fa sìgá

Àbúrò, o ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí o ti pa sìgá tì, tí o ra vape, ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń mú omi tó ní nikotíìnì (oògùn inú sìgá tó ń di bárakú) gbóná, tí a ń fà bí sìgá. O ní gbogbo ìgbà tí o bá fà á lo máa ń húkọ́, pé omi kan tó ń ta bí ata máa ń rọ́ sí ọ lẹ́nu, pé nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ṣe ni yóò máa run bí òwú tó jóná, àti pé ó ku díẹ̀ kí o padà sídìí páálí rẹ. Má tíì padà. Gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀ yẹn ló ṣe èmi náà ní 2019, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe vape rẹ ló bàjẹ́. Ẹnu rẹ ló ṣì ń fa sìgá.

Ọdún 21 ni mo fi mu sìgá. Mushin ni mo ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí láítà so mọ́ okùn lára àtẹ. Mo gbé e dé London, mo ń wa bọ́ọ̀sì, mo ń mu páálí kan lójúmọ́. Nígbà tí páálí kan wá lé ní pọ́n-ùn 10, mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan mo ní kí wọ́n fún mi ní vape. Ọmọkùnrin tó ń tà á kò bi mí ní nǹkan kan ju àwọ̀ tí mo fẹ́ lọ. Ó gbé ńlá kan fún mi, irú èyí tó ń yọ èéfín bí ọkọ̀ ojú irin ayé àtijọ́. (Wọ́n ní kì í ṣe èéfín, pé bí ooru omi gbígbóná ló rí. Èmi ń pè é ní èéfín ní tèmi.)

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kan, nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀, òtútù ń mú bí nǹkan míì, mo dúró lẹ́yìn gáréèjì kí n tó gbé ọkọ̀ jáde. Mo fi ìka méjì mú vape yẹn gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń mú sìgá, mo fún ètè mọ́ ọn, mo fà á títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì fi wọnú. Ohun tí mo gbọ́ ni gbùrù-gbùrù, bí ìgbà tí ọmọdé bá fi sítírọ́ọ̀ fa ìsàlẹ̀ ife. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan sì já sí mi lórí ahọ́n, ó ta mí dé ọ̀nà ọ̀fun. Mo húkọ́ títí omijé fi bọ́. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó, ó wá na páálí sìgá rẹ̀ sí mi. Mo gbà á. Báyìí ni mo ṣe fi bí oṣù méjì máa mu méjèèjì pọ̀, tí mo ń tan ara mi jẹ.

Obìnrin kan ló là mí lójú, ní kẹ́mísìtì àdúgbò wa, ọ̀kan nínú àwọn tí NHS, ètò ìlera ìjọba UK, ní kí wọ́n máa ran ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní kí n pa vape náà, kí n wá fà á níwájú òun bí mo ṣe ń fà á. N kò tíì fà á tán tó fi na ìka sí ọwọ́ mi. Ìka tí mo fi mú un ti bo ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé! Mo ń fà lójú, mo ń fà nímú, kò sí afẹ́fẹ́, omi inú rẹ̀ ni mo ń fà wá sókè.

Ohun tó sọ fún mi lẹ́yìn náà ni n kò tíì gbàgbé. Sìgá ní ẹyin iná lórí, ẹnu ẹni tó ń mu ún sì ni ẹwìrì. Bí o bá ṣe fà á le tó, bẹ́ẹ̀ ni iná yẹn yóò ṣe pọ́n tó, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí o fẹ́ yóò ṣe pọ̀ tó. (Ọ̀rọ̀ ẹwìrì, èmi ni mo fi kún un. Bàbá ìyá mi, alágbẹ̀dẹ ni.) Ọdún 21 ni sìgá fi kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Vape kò ní ẹyin iná. Bátìrì ló ń mú wáyà kékeré inú coil (ẹ̀yà kékeré inú vape tó ń sọ omi di èéfín) gbóná, bátìrì kò sì mọ̀ bóyá o fà á le tàbí o fà á jẹ́jẹ́. Òwú ló yí wáyà náà ká, ó ń mu omi bí òwú àtùpà ṣe ń mu epo. Tí o bá fà á le, omi tó pọ̀ ju èyí tí wáyà lè mú gbóná lọ ni yóò gba inú òwú kọjá, ìyẹn ló ń rọ́ sí ọ lẹ́nu. Tí o bá sì ń fà á léraléra láì sinmi, òwú á gbẹ, wáyà á jó o. Òórùn òwú jíjóná tí o ń sọ nìyẹn.

Nítorí náà, àsìkò ni kí o fi kún un, kì í ṣe agbára. Sìgá, bí ìṣẹ́jú àáyá méjì la fi ń fà á. Vape ń fẹ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Mo máa ń kà á nínú: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ bá ti wọnú, o ti fà á jù. Rántí bí a ṣe ń mu ọsàn tí wọ́n bẹ́ lórí: ẹni tó bá fi ipá fà á, kóró ni yóò kún un lẹ́nu. Jẹ́ kí ó kọ́kọ́ wà lẹ́nu rẹ díẹ̀, lẹ́yìn náà kí o wá mí sínú pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tútù, kí o sì mí síta. Lẹ́yìn ìyẹn, gbé e sílẹ̀ fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ibí yìí ló le jù fún mi. Sìgá máa ń tán fúnra rẹ̀, ìdí rẹ̀ á jó ọ níka, o ó jù ú nù. Vape kì í sọ fún ọ pé ó tó. Òwe amúkùrù ẹpọ̀n, tí wọ́n ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa á, ló wá sí mi lọ́kàn nínú yàrá obìnrin yẹn, ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe sọ ọ́ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì?

Ó tún ní kí n pa ńlá yẹn tì. Irú yẹn, tààrà sínú ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ń fa èéfín rẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìgá sílẹ̀ kò mọ ìyẹn. Kékeré ni kí o lò, tí coil rẹ̀ tó bíi 1.0 ohm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ (ohm ni ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dí iná mànàmáná lọ́wọ́). Nikotíìnì inú omi tèmi jẹ́ 3 mg nínú mílílítà kan, kò tó mi rárá, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fà á bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ó gbé mi sí 18. Òfin UK kò gbà ju 20 mg nínú mílílítà kan lọ. Tí 18 bá ń gún ọ lọ́fun, wá èyí tí wọ́n kọ “nic salt” sí lára, irú nikotíìnì mìíràn ni, ó rọ̀ lọ́fun jù ú lọ.

Ikọ́ kò lọ lọ́jọ́ kan náà o. Ọ̀fun mi lo bí ọjọ́ mẹ́wàá kó tó mọ́ ọn lára, mo sì ń mu omi gan-an nítorí vape máa ń gbẹ ẹnu. Wọ́n ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kan tó ń ka carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín sìgá: 24 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, 2 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí n kò fọwọ́ kan sìgá. Mo ya fótò nọ́ńbà yẹn, ó ṣì wà lórí fóònù mi. Èyí kò sọ pé oúnjẹ ni vape. Nikotíìnì ṣì ni, ó ṣì ń dè mí, mo ti wá sí 6 mg báyìí, mo sì fẹ́ bọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Ẹni tí kò mu sìgá rí, kí ló fẹ́ fi ṣe?

Ní tìrẹ, yọ coil yẹn sọnù, èyí tó bá ti jóná kò ṣeé tún ṣe. Fi tuntun sí i, rọ omi sí i, kí o sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí òwú lè mu omi yó kí o tó fà á. Tí ó bá tún pariwo gbùrù-gbùrù, dojú ẹnu rẹ̀ kọlẹ̀, fi tíṣù dí i, kí o sì gbọ̀n ọ́n, omi tó há sínú ihò á jáde. Kí o wá wo ibi tí ìka rẹ wà. Tí kò bá tún lọ, sọ iye tí wọ́n kọ sára coil rẹ fún mi àti iye mg tó wà lára ìgò. Mo ń ṣiṣẹ́ òru ní ọ̀sẹ̀ yìí, ó di ọ̀sán kí n tó lè dáhùn.